Ọ̀rá Ẹlẹ́dẹ̀, Epo Pupa àti Orúkọ Tí Kò Kú ní Kúbà

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni mo gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè ni yóò já sí, nítorí pé ìkòkò ọbẹ̀ àti ẹnu tí ń sọ èdè kò jìnnà sí ara wọn.

Ní yunifásítì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ ìtumọ̀. Nínú ìdánwò kékeré kan, mo fún wọn ní àyọkà nípa oúnjẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n sọ ọ́ di Yorùbá. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní lard wà nínú rẹ̀, ìyẹn ọ̀rá ara ẹlẹ́dẹ̀ tí a ti yọ́ lórí iná, tí a sẹ́, tí a sì tọ́jú fún oúnjẹ sísè. Akẹ́kọ̀ọ́ kan pè é ní “epo ẹlẹ́dẹ̀”. Mo fi gègé pupa fa igi sí i, mo yọ máàkì méjì, mo sì kọ “ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀” sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọmọ náà tọ̀ mí wá sí ọ́fíìsì. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má bínú. Ọ̀rá ni èyí tí ó wà lára ẹran lórí tábìlì alápatà. Èyí tí wọ́n ti yọ́, tí wọ́n ti sẹ́, tí wọ́n ti dà sínú ìkòkò ńkọ́? A kì í pe epo pupa ní ẹyìn, sà.” Mo ní epo kì í ti ara ẹran wá. Ó tún ní, “Bẹntiróòlù náà kò ti ara ọ̀pẹ wá, sà, epo ni a sì ń pè é.” Mo ní kí ó máa lọ, pé màá tún un wò. Kí n má parọ́ fún yín, n kò ní èsì.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tọpa ìtàn ọ̀rá yìí, ìtàn náà sì gbé mi dé ibi tí n kò fọkàn sí: ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí erékùṣù Kúbà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Ọ̀rá ara ẹlẹ́dẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Èyí tí ó yí kíndìnrín ká ni wọ́n kà sí àṣàyàn. Ó funfun, kò sì ní òórùn púpọ̀. Èyí tí ó wà lẹ́yìn, lábẹ́ awọ, ló tẹ̀ lé e. Èyí tí ó so mọ́ ìfun ni wọ́n kà sí ti ìkẹyìn. Wọ́n á gé e wẹ́wẹ́, wọ́n á bu omi díẹ̀ sí ìdí ìkòkò kí ó má baà jó, wọ́n á sì fi iná tí kò le yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀. Omi yóò gbẹ, ọ̀rá yóò di olómi, awọ àti ẹran wẹ́wẹ́ tí ó kù yóò gbẹ, yóò sì pọ́n. Wọ́n á kó ìyẹn jáde, wọ́n á fi iyọ̀ sí i, wọ́n á máa jẹ ẹ́. Wọ́n á fi aṣọ sẹ́ èyí tí ó yọ́. Bí ó bá tutù, yóò dì, yóò sì funfun bí òrí. Ẹ fi ọ̀rọ̀ “bí òrí” yìí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ohun tí wọ́n ń fi í ṣe pọ̀. Wọ́n fi ń dín nǹkan, nítorí pé ó lè gbóná dé nǹkan bí ìwọ̀n 190 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́ǹtígíréèdì kí ó tó máa rú èéfín. Wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun páì, nítorí pé ó máa ń bo ìyẹ̀fun lára kí omi má baà sọ ọ́ di líle. Páì tí wọ́n fi í ṣe a máa fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu. Ní Jámánì títí di òní, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi í pa búrẹ́dì. Kí fíríìjì tó dé, òun náà ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹran. Ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais ní orílẹ̀-èdè Bràsíl, wọ́n á se ẹran ẹlẹ́dẹ̀ jinná, wọ́n á tò ó sínú agolo, wọ́n á sì da ọ̀rá gbígbóná lé e lórí títí yóò fi bò ó. Bí ọ̀rá náà bá dì, afẹ́fẹ́ kò ní rí ibi wọlé, ẹran náà á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ọ̀rá yìí, nígbà náà, kì í ṣe ohun tí a fi ń ta ọbẹ̀ nìkan ni. Epo ìdáná ni, ìpara búrẹ́dì ni, ohun ìtọ́jú ẹran sì ni.

Ìdí tí àwa kò fi ní orúkọ fún un

Ẹ wá wo èdè tiwa. Epo ni ohun tí a ń rí lára ẹyìn. Àdí ni ti inú ekùrọ́. Òrí ni ti èso igi kan tí ó ń hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn, ní agbègbè Ṣakí àti Kìṣí. Òróró ni ti ẹ̀pà, ti ẹ̀gúsí àti ti àwọn irúgbìn mìíràn. Ọ̀rá ni ti ẹran. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni wọ́n, kò sì sí èyí tí ó jẹ́ àdàpè èkejì. Kódà àwọn òrìṣà mọ ìyàtọ̀ wọn: epo ni ti Èṣù, àdí sì ni èèwọ̀ rẹ̀, òrí ni ti Ọbàtálá, ẹni tí ó fẹ́ràn ohun funfun.

Ẹ ó rí i pé mẹ́rin nínú márùn-ún yìí ló jẹ́ orúkọ ohun tí a ti fi iná tàbí ọwọ́ ṣe, tí ó ti kúrò ní ipò èso. Ọ̀rá nìkan ni kò yà á sọ́tọ̀: ọ̀rá ni kí ó tó dé orí iná, ọ̀rá náà ni lẹ́yìn tí ó bá yọ́ tán. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Àwọn baba wa kò fi ọ̀rá ẹran ṣe epo ìdáná. Ọ̀pẹ wà lẹ́yìnkùlé, ẹ̀pà wà lóko, òrí wà ní ọ̀dàn. Ní ti ẹlẹ́dẹ̀, ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí ó ti pẹ́ láàárín wa kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ fọwọ́ kàn án. Ohun tí ìkòkò kò bá lò, ahọ́n kì í sáré sọ ọ́ lórúkọ.

Kò wá túmọ̀ sí pé èdè wa kò lè na ọwọ́. Nígbà tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ tí odindi rẹ̀ parí ní 1884, wọ́n bá bọ́tà pàdé. Wọ́n lè pè é ní ọ̀rá wàrà, wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. “Òrí-àmọ́” ni ọ̀rọ̀ tí ó wọ inú Bíbélì Yorùbá. Kì í ṣe ibi tí nǹkan náà ti wá ni wọ́n wò, ìrísí rẹ̀ ni: ohun tí ó dì, tí ó sì ń yọ́ bí òrí. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kò mọ̀ pé òun ní irú àgbà bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀rá tí ó di ẹ̀rí ìgbàgbọ́

Kí a tó dé Kúbà, ó yẹ kí a gba Sípéènì kọjá, nítorí pé láti ibẹ̀ ni ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ti kọjá òkun. Fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan ni àwọn Kristẹni, àwọn Mùsùlùmí àti àwọn Júù fi jọ gbé ní ilẹ̀ náà. Òróró ólífì ni àwọn Mùsùlùmí àti àwọn Júù fi ń dáná, nítorí pé ẹ̀sìn méjèèjì kọ ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn Kristẹni náà ń lo òróró ólífì, pàápàá nígbà Lẹ́ńtì tí wọ́n kì í jẹ ẹran, ṣùgbọ́n ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni ó fi ìyàtọ̀ hàn.

Ní 1478 ni wọ́n dá ilé-ẹjọ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa tọpinpin ìgbàgbọ́ àwọn ènìyàn. Ní 1492 ni ọba lé àwọn Júù tí wọ́n kọ̀ láti di Kristẹni kúrò nílùú. Àwọn tí wọ́n gba ìrìbọmi kò bọ́ náà, ojú tuntun ni wọ́n fi ń wò wọ́n. Àwọn aládùúgbò àti àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ a máa lọ jẹ́rìí pé lágbájá kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, pé ó ń yọ ọ̀rá kúrò lára ẹran kí ó tó sè é, pé òróró ló fi ń dín oúnjẹ rẹ̀, kì í ṣe ọ̀rá. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wà nínú ìwé ilé-ẹjọ́ náà. Òórùn tí ó jáde láti ilé ìdáná lè sọ ènìyàn di ẹlẹ́wọ̀n. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Sípéènì ń pe ọ̀rá yìí ni manteca, manteca náà sì ti di àmì ẹni tí a kà sí ojúlówó Kristẹni.

Ìkòkò Kúbà

Columbus kó ẹlẹ́dẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí ó rin ìrìn àjò rẹ̀ kejì sí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní 1493. Láti 1511 tí àwọn ará Sípéènì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ Kúbà dó, ẹlẹ́dẹ̀ bá wọn débẹ̀, wọ́n bí sí i nínú igbó, wọ́n sì pọ̀ lọ rẹpẹtẹ. Igi ólífì kò rọrùn láti gbìn ní ilẹ̀ olóoru bẹ́ẹ̀, òróró rẹ̀ sì wọ́n láti kó kọjá òkun. Bí manteca ṣe gba ìdí àdògán nìyẹn.

Àwọn tiwa dé lẹ́yìn náà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé wó, tí ogun sì gba ilẹ̀ Yorùbá kan, wọ́n kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa lọ sí Kúbà ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún, òwò náà kò sì dúró níbẹ̀ títí di àwọn ọdún 1860. Lukumí ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Ọdún 1886 ni oko ẹrú tó dópin ní erékùṣù náà.

Ẹ fojú inú wo obìnrin Ọ̀yọ́ kan tí ó bá ara rẹ̀ nílé ìdáná Kúbà. Kò rí ọ̀pẹ tí ó mọ̀, kò sì rí igi òrí. Manteca ni wọ́n fún un. Ó fi sínú ẹ̀wà dúdú. Ó gbóná ọ̀rá pẹ̀lú áyù, ó fún oje ọsàn kíkan sí i, ó sì dà á lé ẹ̀gẹ́ tí a sè lórí. Ó gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ó po ọ̀rá àti awọ ẹlẹ́dẹ̀ dídín mọ́ ọn. “Fufú” ni wọ́n ń pe èyí ní Kúbà títí di òní, orúkọ tí kò sí ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní í mọ̀ pé ilé ló ti wá. Ikùn kì í bá ènìyàn ṣe àríyànjiyàn. Ohun tí ó wà ni a ń jẹ.

Ṣùgbọ́n ojúbọ yàtọ̀ sí ilé ìdáná. Wọ́n kò jẹ́ kí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ gba ipò epo níwájú òrìṣà. Ọ̀pẹ kan wà tí ó jẹ́ ti Kúbà fúnra rẹ̀, corojo ni wọ́n ń pè é. Òróró rẹ̀ ni wọ́n fi rọ́pò epo pupa, tí wọ́n fi ń kun irinṣẹ́ Ògún, tí wọ́n sì fi ń bọ Ẹlẹ́gbára àti Ṣàngó. Nígbà tí epo pupa gan-an tún dé ọjà, orúkọ corojo náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Báwo ni àwọn ará ọjà ṣe ń pè é? “Manteca de corojo”, ìyẹn ọ̀rá corojo, ọ̀rọ̀ kan náà tí wọ́n ń lò fún ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Ní ti òrí, bọ́tà inú kòkó tí ó funfun, tí ó sì ń dì, ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fún Ọbàtálá. “Manteca de cacao” ni ti ọjà, ọ̀rá kòkó.

Níbí ni mo ti gbé ìwé sílẹ̀ tí mo rẹ́rìn-ín. Akẹ́kọ̀ọ́ mi pe ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ní epo. Ọjà Kúbà pe epo ní ọ̀rá. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà: ohun tí ó wà nínú ìkòkò mi ni mo fi ń sọ ohun tí ó wà nínú ìkòkò rẹ lórúkọ. Àwọn Potogí náà ṣe bẹ́ẹ̀ ní Bràsíl. Òróró ólífì ni azeite lédè tiwọn, nígbà tí wọ́n sì rí epo pupa, “azeite de dendê” ni wọ́n pè é. Àmọ́ ọ̀pẹ tiwa hù dáadáa ní Bahia, nítorí náà àwọn obìnrin ibẹ̀ kò ṣíwọ́ láti máa fi epo dín àkàrà. “Acarajé” ni wọ́n ń pè é, iṣẹ́ àwọn aláàkàrà náà sì wọ ìwé ogún àṣà orílẹ̀-èdè Bràsíl ní 2005.

Ohun tí ó mú mi lọ́kàn jù lọ ni pé àwọn Lukumí kò gba orúkọ ọjà náà wọ inú àdúrà. Ní ẹnu àwọn àgbà wọn, “epó” ni manteca de corojo, “orí” sì ni manteca de cacao. Lydia Cabrera, obìnrin Kúbà tí ó kọ El Monte ní 1954, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Lukumí kan jáde ní 1957 tí ó ń jẹ́ Anagó. Bí ọmọ Yorùbá bá ṣí i, yóò rí ọ̀rọ̀ ilé rẹ̀ lórí ewé kan dé èkejì. Igi òrí kò sí níbẹ̀, èso rẹ̀ kò débẹ̀, kòkó ni ó dípò rẹ̀, síbẹ̀ orúkọ òrí kò kú. Ohùn nìkan ló sọnù, nítorí pé èdè Sípéènì kò ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bí tiwa. Òrí tí a ń fi para àti orí tí ó wà lọ́rùn ti di ọ̀kan náà ní etí wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń bọ orí ènìyàn, wọ́n a máa lo bọ́tà kòkó yìí pẹ̀lú ẹfun, àgbọn àti òwú. Òrí ń bọ orí, ọ̀rọ̀ kan náà ni lẹ́nu wọn.

Ọ̀rá láti Amẹ́ríkà

Ìtàn ọ̀rá náà kò parí síbẹ̀. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Cincinnati ní Amẹ́ríkà di ìlú ẹlẹ́dẹ̀ débi pé orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ ni Porkopolis. Lẹ́yìn náà ni Chicago gba ipò náà. Ọ̀rá di ọjà ilé iṣẹ́ ńlá, Kúbà sì di ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà rẹ̀ tí ó tóbi jù. Nígbà tí orílẹ̀-èdè méjèèjì ṣe àdéhùn òwò ní 1934, owó ibodè orí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n dín kù. Erékùṣù tí ó kún fún ẹlẹ́dẹ̀ nígbà kan wá ń ra ọ̀rá lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí ìjọba Fidel Castro àti Amẹ́ríkà kọ ẹ̀yìn síra, ọ̀nà ọjà náà dí. Ní oṣù kẹta ọdún 1962 ni ìjọba Kúbà gbé ìwé ìpín oúnjẹ jáde, ọ̀rá àti òróró sì wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń wọ̀n fún ìdílé kọ̀ọ̀kan.

Ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ìwé Upton Sinclair tí ó jáde ní 1906, The Jungle, kó ìríra bá àwọn ènìyàn nípa ilé iṣẹ́ ẹran. Ní 1911, Procter & Gamble ti Cincinnati gbé Crisco jáde, òróró irúgbìn òwú tí wọ́n fi ẹ̀rọ sọ di líle àti funfun kí ó lè jọ ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Wọ́n ní ó mọ́ ju ọ̀rá lọ. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ rí i pé irú òróró tí wọ́n fi ẹ̀rọ sọ di líle bẹ́ẹ̀ ń pa ọkàn lára. Ní 2015, àjọ tí ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà ní kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú oúnjẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018. Crisco ti yí ohun tí ó wà nínú rẹ̀ padà. Kì í ṣe pé mo ń polówó ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé orúkọ dáradára kò sọ nǹkan di dáradára.

Máàkì kan

Mo padà sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mi. Bí mo bá tẹ̀ lé àwọn atúmọ̀ Bíbélì àti àwọn Lukumí, “òrí ẹlẹ́dẹ̀” ni ì bá bá ohun funfun tí ó ń dì yìí mu jù. Ṣùgbọ́n ẹ wo ewu tí ó wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ láìfi àmì ohùn sí i, bí ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe lórí fóònù, orí ẹlẹ́dẹ̀ ni òǹkàwé yóò lọ rà lọ́jà. Nítorí náà “ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ yíyọ́” ni mo fara mọ́, kí ó lè yàtọ̀ sí èyí tí ó wà lára ẹran. Mo pe ọmọ náà, mo sọ fún un pé ìbéèrè rẹ̀ dára ju ìdáhùn mi lọ, mo sì dá máàkì kan padà nínú méjì. Ìkejì kò padà, nítorí pé epo ti ní ipò tirẹ̀ nínú ìkòkò wa, n kò sì fẹ́ kí ó di orúkọ ohun gbogbo.

Ìdí tí mo fi ń ṣe wàhálà lórí èyí kò jìnnà sí ilé mi. Láìpẹ́ yìí ni mo ní kí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 11, bá mi mú àdí lórí pẹpẹ. Òróró ẹ̀pà ni ó gbé wá. Mo ní àdí ni mo wí. Ó ní, “Dádì, kí ni àdí?” Kò sí ẹni tí ó kó ọmọ yìí kọjá òkun. Inú ilé Yorùbá ni wọ́n bí i sí, ìgò àdí sì wà níwájú rẹ̀. Àwọn Lukumí pàdánù igi, wọ́n di orúkọ mú. Igi wà lọ́dọ̀ tiwa, orúkọ ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ wa.

Mo bu àdí náà sí i lọ́wọ́, mo ní kí ó gbóòórùn rẹ̀, kí ó sì pe orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń ka èyí, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ yín lónìí: epo, àdí, òrí, òróró, ọ̀rá. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni.

Ire o. Ó dìgbà kan ná.